Sáà Òjò Tí Mo Fi Di Kíláàsì Kìíní Mú

Ajé, 28 Épírì

Ilé ìwé wọlé fún sáà kẹta lónìí. Àǹtí Jemilat tó ń kọ́ kíláàsì kìíní ò wá. Mo rò pé òjò ló dá a dúró, torí láti ìdájí ló ti ń rọ̀, gọ́tà iwájú ilé ti kún dé ẹnu. Ó ku díẹ̀ kí àwọn ọmọ jáde jẹun kó tó pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ti ríṣẹ́ sí ilé ìwé kan ní Ìlúpéjú, kí n má bínú. Mi ò bínú. Inú ìkòkò tèmi ni mo ti ń bu oúnjẹ ọ̀sán fún ọmọ yẹn láti ọjọ́ tó ti dé, kò wá lè dúró níwájú mi kó sọ ọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Mo mú pàṣán mi, mo wọ kíláàsì lọ fúnra mi. Mo ní ẹni tí kò bá kí mi dáadáa kò ní jókòó. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀. Ó ń lọ dáadáa títí ó fi kan Taoheed, ọmọ ọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń ta páàtì mọ́tò ní Ládìpọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde mọ́. Ó ní òun ń lúwẹ̀ẹ́. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo ọkùnrin kíláàsì ti ń lúwẹ̀ẹ́ lórí sìmẹ́ńtì.

Ìṣẹ́gun, 29 Épírì

Ohùn mi ti há. Páálí ṣọ́ọ̀kì kan ti di ẹgbẹ̀fà náírà. Taoheed jẹ ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Ẹtì, 2 Méè

Ẹni tó ń bẹ ilé ìwé wò láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Madam Ethel Ìbíkúnlé ni orúkọ rẹ̀, ó fi okùn so gíláàsì mọ́ ọrùn. Àsìkò tó wọlé yẹn ò dáa rárá. Mo ti ní kí wọ́n tò, ẹ̀gbọ́n níwájú, àbúrò lẹ́yìn, bó ṣe yẹ kó rí. Ni Táyé àti Kẹ́hìndé bá bẹ̀rẹ̀ ìjà. Táyé ní òun lòun kọ́kọ́ rí ayé. Kẹ́hìndé ní òun lòun rán an níṣẹ́ lọ wò ó. Wọ́n ti wọ ara wọn láṣọ. Ọmọ méjì wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì, èmi sì rèé láàárín wọn, pàṣán lókè.

Ó kúnlẹ̀ kí mi, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Màmá, ta ni olùkọ́ kíláàsì yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ má bínú, Mà. Ibo lẹ kàwé dé?"

"Sítáńdáàdì fọ́ọ̀, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn tí mo fi kọ́ ti ń wọ kóòtù lọ síbi iṣẹ́ báyìí."

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. Ìyẹn ló tún wá dùn mí jù.

Ó ní wọn kì í lu ọmọ nínú kíláàsì mọ́. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́fà ò lè kọjú sí pátákó láti àárọ̀ dọ̀sán. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn báyìí ni pé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan á ní kókó tirẹ̀. Bó bá jẹ́ omi, omi ni wọ́n á kà, omi ni wọ́n á fi ṣírò, omi náà ni wọ́n á yà tí wọ́n á sì fi kọrin. Ó ní òun ń padà bọ̀ lóṣù Júláì kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé wa fún ọdún tuntun. Bí òun ò bá bá kíláàsì tó tò, pẹ̀lú olùkọ́ tó kàwé rẹ̀, òun á pín àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ilé ìwé mìíràn.

Ó rọrùn lẹ́nu. Bí kíláàsì kìíní bá lọ, àwọn ti jẹ́léósinmi ò ní ibi tí wọ́n máa gòkè sí mọ́. Àwọn ìyá wọn á kó wọn tẹ̀lé e. Orí ẹní nínú pálọ̀ mi ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé yìí, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ àwọn tó ń lọ tajà. Wọn ò ní kó o lọ lójú mi.

Àìkú, 4 Méè

Láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọjá sí Súrùlérè lọ́dọ̀ Níyì ọmọ mi. Motọ́lání ọmọ rẹ̀ ti parí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ó wà nílé, ó ń tẹ fóònù. Mo ní kó wá bá mi mú kíláàsì kìíní.

Ó ní, "Màá wá, Màmá. Ṣùgbọ́n a ó jọ ní àdéhùn."

"Ta lo ti rí tó ń bá ìyá bàbá rẹ̀ ṣe àdéhùn?"

"Kò ní sí pàṣán níbi tí mo bá wà. Tí mo bá sì sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì, ẹ ò ní já a gbà lẹ́nu mi níwájú àwọn ọmọ."

Mo bi í pé nínú èmi àti òun, ta ni ìyá.

"Ẹ̀yin ni ìyá," ó ní. "Èmi ni olùkọ́."

Níyì dojú kọ tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo padà délé, mo ṣẹ́ pàṣán, mo fi dáná. Mi ò sọ fún wọn.

Ajé, 12 Méè

Ọ̀sẹ̀ Omi. Motọ́lání ti tú kíláàsì mi ká. Ó ti bẹ́ǹṣì sẹ́bàá ògiri, ó tẹ́ ẹní sáàárín. Igun kan, ó ní igun ìwé ni. Igun kan, igun ìkọ́lé. Èyí tó kù, igun omi, pẹ̀lú báàfù, korobá, ife, òkúta, ewé àti ìdérí ìgò. Mo ní ṣé ilé ìwé ni àbí ilé ìfọṣọ. Ó ń da omi sí báàfù.

Èwo ló máa léfòó, èwo ló máa rì. Taoheed bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó gbé e lé omi, ó ní ọkọ̀ tó ń lọ Àpápá ni. Òjò tún bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó wà nínú ilé yàtọ̀ sí èyí tó wà níta.

Ife mẹ́sàn-án ló kún korobá pupa. Wọ́n ń bù ú, wọ́n ń kà á. Kẹ́hìndé tí mo ti ń kọ́ ní mẹ́sàn-án láti ọjọ́ yìí tí kò wọ̀ ọ́ létí, òun ló ń pariwo mẹ́sàn-án jù. Mi ò sọ fún Motọ́lání pé mo rí i.

Ọjọ́bọ̀, 15 Méè

Ọgbọ́n tí wọ́n kọ́ Motọ́lání ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni pé kó pàtẹ́wọ́ ta-ta-tà, kí àwọn ọmọ pa tiwọn padà, kí gbogbo ẹnu dákẹ́. Lọ́jọ́ Ajé wọ́n dákẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n dákẹ́. Lónìí, wọ́n pa á padà, wọn ò dáwọ́ dúró mọ́, títí àwọn tó ń lu páànù mọ́tò lódìkejì fi bá wọn gbè é.

Motọ́lání jókòó sórí ẹní, ó gbá orí mú. Mo ti fẹ́ sọ nǹkan kan. Mo rántí àdéhùn. Mo jáde lọ gbá àgbàlá tí mo ti gbá láàárọ̀.

Ọjọ́rú, 21 Méè

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń dúró lẹ́nu géètì, tí mò ń bi àwọn ìyá léèrè oríkì ọmọ wọn. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n pọ̀. Ìyá Ìrètí, Nọ́ọ̀sì Kíkẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Ìdí-Àràbà, pe bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lórí fóònù lójú mi. Bàbá ní Àbẹ̀ní ni.

Mo ní, "Ọmọ tí ẹ bẹ̀bẹ̀ kí ẹ tó rí."

Ó gbá ọwọ́ ọmọ mú, ó ní, "A bẹ̀bẹ̀ gan-an, Mà."

Lónìí, nígbà tí Taoheed gun fèrèsé, Motọ́lání pè é títí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí mo wà, mo ní, jẹ́jẹ́, "Àkàngbé." Ọmọ náà yíjú padà bí ẹni pé bàbá bàbá rẹ̀ ló wọlé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá jókòó tì mí. Ọmọ tó bá gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu àgbà, ara rẹ̀ á wálẹ̀.

Motọ́lání ò sọ pé mo ṣe dáadáa. Ohun tó ṣe ni pé ó gé páálí, ó kọ oríkì ọmọ kọ̀ọ̀kan sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó ní òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ kà láàárọ̀. Ká tó jáde, ọmọ mọ́kànlá ti lè ka tirẹ̀. Mo jẹ iṣu lálẹ́ yìí, mo jẹ ẹ́ tán.

Ajé, 2 Júùnù

Ọ̀sẹ̀ Ọjà. Agolo mílíìkì, àpótí ọṣẹ, bébà tí wọ́n gé bí owó. Kálukú yan ohun tó máa tà. Taoheed ń ta páàtì mọ́tò. "Àlòkù Bẹ́ljíọ̀mù ni, Màmá Àgbà. Kì í ṣe Ṣáínà. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún." Ìdérí ìkòkò mi ni. Nígbà tí ọjà ò yá, ó so okùn mọ́ ọwọ́ Kẹ́hìndé, ó fà á wọlé, ó ní àgbò Iléyá dé, ó dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba lé e. Kẹ́hìndé ní òun ju ìyẹn lọ, kí wọ́n ṣì máa fà á lọ.

Ìṣẹ́gun, 3 Júùnù

Mo lọ rajà lọ́dọ̀ Ìrètí. Oògùn ló ń tà, bíi ti ìyá rẹ̀. Ó wọn omi rẹ̀ sínú ìdérí ìgò, ó gbé e sójú wò ó, kò dà á nù. Ó ní kí n lò ó lẹ́yìn oúnjẹ. Ó wá fi ọwọ́ òsì nà án sí mi.

Mi ò gbà á. Mo ní, "Ọwọ́ wo nìyẹn? Wọn kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan. Fún ẹnikẹ́ni pàápàá." Mo bá a gbé e sí ọ̀tún. Ó bọ́, omi dànù. Gbogbo ọjà ń wò wá.

Nígbà tí wọ́n ń kọ̀wé, mo rí i pé òsì náà ló fi mú pẹ́ńsùlù. Mo gbà á níbẹ̀, mo fi sí ọ̀tún, mo ní kí òsì sinmi lórí itan. Ọmọ ò sunkún.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, Motọ́lání sọ̀rọ̀. "Fífún èèyàn ní nǹkan lọ́tọ̀, kíkọ̀wé lọ́tọ̀, Màmá. Ọwọ́ tí ọpọlọ rẹ̀ yàn nìyẹn."

"Ọpọlọ ò yan ìwà. Aṣọ ni wọ́n fi so ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ìdí títí ó fi gbàgbé rẹ̀. Kò pa á."

"Ṣé ó mọ̀wé?"

Mo ní kò lọ sílé ìwé mọ́. Ó wò mí, ó ń kó agolo. Mo ní kó má wò mí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 4 Júùnù

Kò sẹ́ni tó ra oògùn lónìí. Táyé fẹ́ rà á, Taoheed sì ní, "Má gbà á. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń nu ìdí ni." Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀. Ohùn mi ló fi sọ ọ́.

Ọjọ́rú, 11 Júùnù

Ọ̀sẹ̀ Iléyá ti kọjá, ẹran ṣì ń rùn nínú fíríìjì torí iná ò dúró. Ọ̀sẹ̀ Ohun Ìrìnnà la wà. Wọ́n fi páálí ṣe ọkọ̀ ojú irin, wọ́n so ó mọ́ra, wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ láti Yábà dé Òṣòdì yí ẹní ká.

Ìrètí ò wọ ọkọ̀. Ó jókòó lórí ọwọ́ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé eré ni. Mo wò ó títí wọ́n fi jáde. Nígbà tí wọ́n ń kọ̀wé, ó jókòó lé e. Nígbà tí wọ́n ń jẹun, ó jókòó lé e, ó fi ọ̀tún jẹ ìrẹsì, ìdajì rẹ̀ dà sílẹ̀. Bébà rẹ̀ funfun báláú. Kó tó di ọjọ́ Ọjà, òun ló ń kọ orúkọ rẹ̀ láìwo ògiri.

Mo ní ó máa mọ́ ọn lára.

Ajé, 16 Júùnù

Ìrètí ò wá ní ọjọ́ Ẹtì. Ìyá rẹ̀ nìkan ló wá láàárọ̀ yìí, nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, ó ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó sọ̀rọ̀.

"Màmá, mo wá sọ fún yín pé ọmọ mi ò ní padà wá mọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Mo ní, "Torí pé mo kọ́ ọ níwà?"

"Ó ń sùn lórí ọwọ́ rẹ̀, Mà. Ọwọ́ ń kú mọ́ ọn lára. Lánàá ó bi mí bóyá àwọn dókítà Ìdí-Àràbà lè bá òun gé e."

Mo ní ọmọdé kàn máa ń sọ̀rọ̀ ṣáá ni. Ó dìde, ó gbọn orúnkún, ó kí mi dáadáa, ó lọ. Ìyá méjì mìíràn ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì. Wọ́n dákẹ́ nígbà tí mo yọjú.

Ìṣẹ́gun, 17 Júùnù

Motọ́lání ní bí Ìrètí ò bá padà wá, òun ò ní parí sáà yìí níbí. Ó sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè, ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà.

"O ní kí n má lo pàṣán, mi ò lò ó," mo ní.

"Ẹ ò nílò rẹ̀, Màmá. Ẹnu yín tó."

Bí ó bá lọ, kò sí olùkọ́ tí Madam Ìbíkúnlé máa bá níbí. Kíláàsì kìíní parí nìyẹn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹtì, 20 Júùnù

Mo gbá àgbàlá lẹ́ẹ̀mẹta. Mo to bẹ́ǹṣì, mo tún un tò. Mo bu omi sí ìkòkò, mi ò rántí ohun tí mo fẹ́ sè. Ẹsẹ̀ mi ń ro mí, mi ò lè jókòó. Ta ni mo fẹ́ lọ bẹ̀ ní ọjọ́ orí mi? Kí ni mo fẹ́ sọ, pé ohun tí ìyá mi kọ́ mi ò dáa?

Àìkú, 22 Júùnù

Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lọ sílé Nọ́ọ̀sì Kíkẹ́ ní Ìdí-Àràbà nínú òjò, agboòrùn yí padà lórí mi lẹ́ẹ̀mejì. Yàrá kan àti pálọ̀ ni. Ó fún mi ní aṣọ ìnura kí n fi nu ara. Kò bi mí léèrè ohun tí mo wá ṣe.

Ìrètí kúnlẹ̀ kí mi. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú gáùn, ó ká a mọ́ inú bíi pé ó ń dùn ún.

Mo ní kó fún mi lómi mu. Ó lọ bù ú, ó fi ọ̀tún gbé e bọ̀, ife ń gbọ̀n, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Àbẹ̀ní, dúró. Fi èyí tó lágbára gbé e."

Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wò mí. Ó pẹ́ kó tó yọ ọwọ́ náà jáde. Ó fi òsì gbé e wá bá mi, kò dà sílẹ̀.

Mo nawọ́. Ó ṣe mí bíi pé ìyá mi dúró sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, tó ń wò mí. Mo gbà á, mo mu ún tán. Mo ní kó tún bù sí i. Òǹgbẹ ò gbẹ mí. Mo mu ife mẹ́ta.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Kíkẹ́ sìn mí dé ìta. "Ilé wa lẹ ti gbà á, Mà. Kíláàsì ńkọ́?"

Mo ní, "Mú un wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Jókòó níbẹ̀ kí o wò ó. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, èmi náà á bá ọ gbé báàgì rẹ̀ dé ilé ìwé tó bá wù ọ́."

Ìṣẹ́gun, 24 Júùnù

Ọ̀sẹ̀ Ara Wa. Motọ́lání ló ní ká ṣe é, mo ní kó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Kíkẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ògiri, báàgì lórí itan. Ìrètí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jókòó lé ọwọ́.

Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ mi sí pátákó. Lẹ́tà kan lọ sókè, ọ̀kan ṣubú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kí kálukú fi òsì kọ tirẹ̀ lórí bébà. Ẹ̀rín dínkù. Taoheed wo ohun tó kọ, ó gbé bébà wá bá mi. "Màmá Àgbà, ó dà bí aláǹgbá. Mo mọ orúkọ mi kọ tẹ́lẹ̀."

"O ṣì mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ tí kì í ṣe tìrẹ ni mo fún ọ. Bí mo ṣe ṣe Ìrètí nìyẹn."

Mo ní, "Ohun tí mo sọ ní ọjọ́ Ọjà, mo mú un padà. Èmi ni mo sọ ọ́, èmi ni mo mú un padà. Ẹni tó bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kó wá fi èmi ṣe é."

Taoheed rò ó. "Ṣé òsì ti wá di ọ̀tún ni?"

"Rárá. Òsì rẹ ṣì jẹ́ òsì. Tirẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́."

Mo lọ sídìí bẹ́ǹṣì, mo lóṣòó, mo na pẹ́ńsùlù sí Ìrètí. Ó pẹ́. Orúnkún mi ń dùn mí, mi ò dìde. Ó yọ ọwọ́ kúrò lábẹ́ ìdí, ó ti pọ́n, ìlà igi bẹ́ǹṣì wà lára rẹ̀. Ó gbà á. Kò kọ nǹkan kan lónìí, ó kàn mú un lọ́wọ́ ni.

Kíkẹ́ gbé báàgì rẹ̀, ó fi ti ọmọ sílẹ̀.

Ẹtì, 27 Júùnù

Wọ́n ti ọwọ́ bọ ọ̀dà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ funfun kan, ọ̀tún àti òsì. A sá a sórí okùn. Táyé àti Kẹ́hìndé ń jà lórí ọwọ́ ta ló tóbi jù. Ìrètí kọ Àbẹ̀ní sábẹ́ tirẹ̀. Òjò ò rọ̀ lónìí, ọ̀dà gbẹ.

Ọjọ́rú, 9 Júláì

Madam Ìbíkúnlé dé. Ọ̀sẹ̀ Àwọn Tó Ń Ràn Wá Lọ́wọ́ la wà: nọ́ọ̀sì, agbálẹ̀, mẹkáníìkì, àwọn apanápaná. Motọ́lání ń kọ́ wọn, mo wà lẹ́yìn, mo fi ọwọ́ sábẹ́ ìró kí ó má bàa máa ṣiṣẹ́. Kíláàsì ń dún, ṣùgbọ́n ariwo iṣẹ́ ni. Obìnrin náà lọ láti igun dé igun, ó ń bi wọ́n léèrè, ó ń kọ nǹkan. Ó béèrè oríkì tó wà lára ògiri, Taoheed ka gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti àwọn tí kò bi í.

Ó dé ọ̀dọ̀ Ìrètí. Ìrètí kúnlẹ̀ dáadáa, ó wọn oògùn sínú ìdérí ìgò, ó fi òsì nà án sí i.

Ọwọ́ Madam Ìbíkúnlé ti jáde. Ó fà á padà. Kì í ṣe ìkà, ìwà tí wọ́n kọ́ òun náà nílé ni. Ó ní, "Ọwọ́ kejì, ọmọ dáadáa."

Motọ́lání wò mí. Gbogbo ọmọ yíjú sí mi. Mo rí ọwọ́ Ìrètí tó ń padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó ń wá ibi tó máa sá sí.

Ìwé tó máa fọwọ́ sí wà lábẹ́ apá rẹ̀. Mo mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn. Mo ní, "Madam, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀."

"Màmá, ẹ̀kọ́ ilé ni mò ń kọ́ ọ."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọmọ olọ́mọ di ọlọ́wọ́ kan. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ohun tó bá wù yín sínú ìwé."

Ó yọ gíláàsì, ó wò mí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ilé ìwé wa ti parí. Nínú ara mi, mo ní kó parí nígbà náà. Taoheed ní, "Ó ti fọ̀ ọ́, Mà. Ó máa ń fọ̀ ọ́ jù wá lọ."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ti ọmọ dọ́gba. Ó gbà á. Ó tilẹ̀ ṣe bíi pé ó korò, ó fa ojú ro. Ìrètí ní kó mu omi sí i.

Nínú pálọ̀, ó sọ ohun tó wá sọ. Kíláàsì kìíní dúró. Orúkọ Motọ́lání ni yóò wà lókè gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ó wá yí bébà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. "Màmá, láti Sẹ̀tẹ́ńbà, ẹ ò ní lè dúró nínú kíláàsì láti kọ́ wọn. Ìwé yín ò tó o, mi ò lè purọ́ fún ọ́fíìsì. Ẹ̀yin lẹ ni ilé ìwé. Ẹ ó jẹ́ onílé ìwé."

Mo ní mo gbọ́. Mo fún un ní omi, ó mu ún, mo sìn ín dé géètì. Motọ́lání sunkún nídìí ilé. Mo ní kó lọ nu ojú rẹ̀, kíláàsì ń pariwo.

Ajé, 14 Júláì

Mo ní bó bá jẹ́ Sẹ̀tẹ́ńbà ni mo máa kúrò, kí n tètè máa fi kọ́ra. Mo gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀. Mo ṣa ẹ̀wà. Òkúta inú rẹ̀ ti pọ̀ ju ẹ̀wà lọ, owó rẹ̀ sì tún gòkè sí i. Àwọn ìyá ń kí mi bí wọ́n ṣe ń já ọmọ sílẹ̀, Nọ́ọ̀sì Kíkẹ́ ní ṣé ara mi ò yá ni, tí mo fi wà níta. Mo ní atẹ́gùn ni mò ń gbà.

Lẹ́yìn ìjẹun, mo gbọ́ tí bẹ́ǹṣì kan ṣubú. Ariwo sọ. Ẹnì kan ń sunkún, ẹnì kan ń rojọ́, àwọn tó kù ń dá sí i. Mo ti gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo ti di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú.

Mo dúró. Mo gbọ́ ohùn Motọ́lání, kò ga, mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Ariwo ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó ń sunkún dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan pa pọ̀, Ìrètí ló ń síwájú, wọ́n ń gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ títí wọ́n fi kà á tán. Kò sẹ́ni tó pè mí.